Ohùn Ìbọn Èké Tí Mo Gbé fún Bàbá Tinúọlá

Èmi Gàníyù ni mo yìnbọn kan ṣoṣo tí àgbọ̀nrín mọ́kànlélógún ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìkejìlélógún fúnra rẹ̀ rìn wá bá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbàgbé tèmi." Ẹ̀yin ará Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú yín. Lónìí, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde, torí bó bá pẹ́ ju ìparí oṣù yìí lọ, kò wúlò mọ́. N kò yìnbọn rí láyé mi. Ìwé àṣẹ ìbọn tí mo máa ń fì fìrí lójú yín, káàdì láíbìrì ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, torí ó gbà mí gbọ́. Ẹni náà ni Bàbá Tinúọlá, Gilbert lorúkọ wọn, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí wọ́n ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Ṣakabùlà bàbá wọn wà lára ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n. Ọlọ́pàá kan ti wá wò ó rí, ó ní bó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ki ẹ̀tù sí i lẹ́nu ló di ìbọn, ẹni tí kò bá sì ní ìwé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni. Bàbá pa òfin yẹn mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Àmọ́ bí wọ́n bá jókòó, ìbọn yẹn ni wọ́n ń wò, tẹlifíṣọ̀n á máa dá sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. "Gàníyù," wọ́n ní lọ́jọ́ kan, "ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Bí ti bàbá mi bá dún lóko, ìyá mi ò ní béèrè pé ta ni, wọ́n á ti gbé omi kaná. Àwa ọmọ á ti sáré lọ já ewé tí a ó fi gba ẹran. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Ìwọ tó níwèé àṣẹ, gbé e lọ sóko àwọn òyìnbó, yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, kó o fi fóònù gba ohùn rẹ̀ wá. Kí n tún gbọ́ bàbá mi kí n tó lọ." Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ kí n jẹ́wọ́. Ahọ́n mi tó gùn ju Old Kent Road lọ ló dáhùn: "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti parí."

Mo fi ẹní ìkírun wé ìbọn, kí Ọlọ́run má bínú, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kent, níbi tí àwọn òyìnbó kan ti máa ń yìnbọn ní ọjọ́ Sátidé. Olórí wọn tú ẹní, ó rọra fọwọ́ pa irin náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Àgbà ìbọn," ó ní. "Ìwé àṣẹ ẹ dà?" Mo ní mo gbàgbé ẹ̀ sílé. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. "Ó yá, gbé e padà sára ògiri kí n tó pe ọlọ́pàá." Bí mo ṣe ń wé e, ọ̀kan nínú wọn gbé ìbọn tirẹ̀ jáde. Ẹnu náà ni wọ́n ń gbà ki ẹ̀tù sí i, ṣùgbọ́n ti ìgbàlódé ni, ó ń dán bíi fóònù tuntun. Bó ṣe fẹ́ yìn ín, mo yára fi fóònù gba ohùn rẹ̀. Gbà! Èéfín ẹ̀tù bá mi nímú, mo sì rí ìlú wa: igbó jíjó nígbà ọyẹ́, àwọn ọdẹ tó ń bọ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ìyá mi tó ń fọwọ́ bo ojú wò wọ́n lọ́ọ̀ọ́kán. Ogún ọdún ni mo ti ń fi ìlú yẹn pa yín lẹ́rìn-ín. N ò mọ̀ pé àárò rẹ̀ ti jẹ mí wọ egungun.

Ẹ má tíì ṣàánú mi o, èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Lewisham, ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò tiẹ̀ wò mí. Ẹ̀rù ló tì mí lọ bá wọn, mo gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́, mo ní inú pàǹtí ni mo ti rí nǹkan yìí. "Ṣé o mọ ẹni tó ni ín?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ni ín." Ọ̀kan ní, "A jẹ́ pé wọn á fi iná yọ́ ọ níparí oṣù." Mo ní kò burú. Kò burú! Ẹnu tí mo fi sọ ọ́ kò sì wọ́.

Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá lọ tààrà. Tinúọlá ọmọ wọn ti múra iṣẹ́, Kennington ló ń lọ, ó ní òun á dúró kóun náà gbọ́ ohùn bàbá bàbá òun. Mo tẹ fóònù. Gbà! Bàbá dijú. "Tún un ṣe." Gbà! Wọ́n lajú díẹ̀díẹ̀. "Gàníyù, ti bàbá mi máa ń mí kó tó ké. Òkúta á kọ́kọ́ ṣáná, ẹ̀tù tó wà létí rẹ̀ á ṣe fììì, ẹran gan-an á ti gbórí sókè, kó tó wá dún. Èyí ò mí rárá. Ìbọn ta lèyí?"

"Bàbá, fóònù ló gé e kúrú."

"Ó dáa. Gbé tèmi wá, kí n gbé e kọ́ padà."

Ẹ foríjì mí, Bàbá. Tinúọlá, máa sáré lọ bá ọlọ́pàá Lewisham kóṣù tó parí, sọ fún wọn pé ó ní ẹni tó ni ín. Ìwé ni mo fi ń sọ èyí, torí n ò lè sọ ọ́ lójú yín lọ́jọ́ náà. Bí Bàbá ṣe béèrè ìbọn wọn lọ́jọ́ náà, Tinúọlá dìde, ó bọ́ báàgì lọ́rùn, ó ní, "Uncle Gàníyù, ìbọn dà?" Mo wo ògiri, mo rí ibi tí ọ̀dà ti ṣì funfun ní ìrísí ìbọn, mo já ilẹ̀kùn, mo sì sáré dé Sydenham láìwẹ̀yìn.