Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Fọ́míkà

Ẹ̀yin òǹkàwé, káfíńtà ni mí ní Akowonjo. Ọdún mẹ́jọ rèé tí ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi. Ìyàwó mi tí ǹ bá sọ ọ́ fún ti kú, mi ò ní ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Lásìkò yẹn, fọ́míkà, ike dídán tí à ń lẹ̀ mọ́ ojú pákó, ló gbòde. Ẹni tó bá ti rí tábìlì àwọn ará Gowon Estate á ní kí n fi fọ́míkà bo tòun náà. Opó kan ládùúgbò wa, Màmá Ṣadé, gbé tábìlì ìjẹun rẹ̀ wá. Ṣadé nìkan lọmọ tó bí, ó sì ti kú. Nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkọ, ó fi ìṣó họ orúkọ rẹ̀ sí etí tábìlì náà. Màmá ní òun nà án gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, "Bo gbogbo ẹ̀, àmọ́ má bo ibí yìí jàre. Gé e yí i ká ṣá."

Mo ṣèlérí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fi gọ́ọ̀mù sára pákó àti fọ́míkà, mo jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Gọ́ọ̀mù yẹn, tó bá ti mú, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo ń nù ún ni mo rántí pé mi ò gé ibi orúkọ yẹn.

Ojú tì mí, èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Mo purọ́ fún Màmá pé ikán ti jẹ ibẹ̀, pé mo ti fá a dànù. Kò bá mi jà. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Orúkọ náà ṣì wà lábẹ́ fọ́míkà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Ara rẹ̀ ò yá. Abọ́ kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì náà. Ó ní tóun bá kú, kí n wá gbé e. "Àwọn tó mọ̀ pé orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀ rí ti tán. Ó ku ìwọ nìkan."

Mo délé, mi ò lè jẹun. Èmi náà ń dá jẹun báyìí, mo ti mọ bó ṣe ń rí.

Mo lè fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣí fọ́míkà náà, àmọ́ gọ́ọ̀mù lè ká ojú pákó, kí orúkọ yẹn bá a lọ. Tí mo bá sì jẹ́wọ́, ó lè má fẹ́ rí mi mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló kù tó ń yà á wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ó ń rẹ Màmá sí i lójoojúmọ́, mi ò sì fẹ́ jogún ohun tí mo jí.