Kó Wò Yíká
Lọ́jọ́ tá a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi rojọ́ pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú ẹyin tí mo dín. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín sílé lọ́hùn-ún, àwọn ará ilé ń retí ohun tí màá ní kí wọ́n kọ sára òkúta ibojì rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá kọ ni mò ń pa rẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì láti àdúgbò Al Taawun lọ sí Dubai, níbi tí mò ń gbé, mo gbọ́ tí sikiọ́ríìtì méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó tó ya àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá olórí rìbìtì ní Lọ́ńdọ̀nù, inú ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n kọ ọ́ síbi ibojì rẹ̀ pé ẹni tó bá ń wá ohun ìrántí rẹ̀, kó wò yíká."

"Habibi, ọ̀rẹ́ mi, ká ní wọ́n sin ẹni tó yàwòrán ilé tí mò ń ṣọ́ síbẹ̀, AC tó ń jò lẹni tó bá wò yíká máa rí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kó wò yíká. Nígbà tí mo délé, mo wo yàrá wa yíká, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí níbi gbogbo, mo sì ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé: "Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ."