Sìmẹ́ńtì Tó Wà Lábẹ́ Amọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ àtúnṣe ilé àtijọ́, ẹ fọkàn balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ mi. Dókítà ti sọ fún mi pé àyà mi yìí kò lè gbé mi jìnnà mọ́, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè.

Ẹ rí obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn? Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ọmọṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ là ń pè é, nítorí bó bá ń rẹ́ ògiri, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun ló ń fi òróró pa lára. A ń tún ilé alámọ̀ kan ṣe nígbà náà. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ńlá máa wá ṣí i ti sún mọ́, òjò kò sì jẹ́ kí amọ̀ gbẹ. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ ká dúró. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀." Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé ìwọ ọmọ àná lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́?" Mo ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe lọ tán, mo po sìmẹ́ńtì, mo rẹ́ ẹ mọ́ ògiri, mo sì fi amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Èmi tí mo máa ń pariwo pé ògiri amọ̀ ń mí! Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi inú amọ̀ jáde, inú lọ́hùn-ún ló ti máa ń rà. Mo mọ̀, mo sì ṣe é. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Òjò ọdún kejì ló wó ògiri náà lu káfíńtà wa. Ó yè, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní. Mo yára ṣa gbogbo èépá sìmẹ́ńtì dà nù. Nígbà tí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún wa bi mí, mo ní, "Ọmọbìnrin yìí ló po amọ̀ rẹ̀. Ó máa ń kánjú." Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún wọn." Wọ́n lé e, kò sì sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ mọ́. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀sẹ̀ tí mo rẹ́ sìmẹ́ńtì yẹn náà ni mo ṣe ògiri tí ẹ fẹ̀yìn tì yìí, sìmẹ́ńtì lábẹ́ amọ̀ bákan náà. Òun ni mo máa ń ní kẹ́ ẹ fọwọ́ pa, kẹ́ ẹ rí bí iṣẹ́ ọ̀gá ṣe ń dán. Òrùlé ló ń gbà á là, òrùlé náà sì ti ń jò láti ọdún tó kọjá. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò yín lábẹ́ rẹ̀, tí mo sì ń dákẹ́, torí bí a bá la ògiri náà wò, àṣírí mi tú.

Ẹ rọra dìde. Ẹ má fara gbá a. Ẹ jáde síta.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀, ọmọ mi, bí mo bá ṣì lẹ́nu láti pè ọ́ bẹ́ẹ̀, dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, òòlù nìyí. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ la ògiri yìí, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí mo fi lé ọ lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá di ọ̀gá, tí ọmọṣẹ́ yín bá ní kò tíì gbẹ, ẹ dúró.