Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Pààrọ̀ àti Olè Tí Kò Wá

Mo ti ìyá mi mọ́lé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yí kọ́kọ́rọ́, mo ju ọmọ kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń kó èébú jọ, ẹ ṣe sùúrù. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo wá jẹ́wọ́.

Èyí tí mo wá jẹ́wọ́ wà lẹ́yìn ìyẹn, òun ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mi ò lè sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, nítorí òun náà wà lára àwọn tí mo parọ́ fún. Mi ò tíì lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ìyá mi. Ẹ̀yin ò mọ̀ mí, ẹ ò sì mọ ilé wa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e tọ̀ yín wá.

Tísà ni mí. Ìkìrun ni mò ń gbé, Inísà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Láràárọ̀ ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ọ̀sán á ti pọ́n dáadáa kí n tó dé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti padà sí agboolé bàbá wa, èmi àti Màámi nìkan la sì jọ ń gbé apá tiwa.

Nígbà tí agbára ṣì wà, obì ni Màámi ń tà ní ọjà Òkukù. Nígbà tí iyè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ọ̀nà ọjà yẹn nìkan ni wọn ò gbàgbé. Wọ́n á jí, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á gbé igbá òfìfo rù, wọ́n á ní àwọn oníbàárà ń retí àwọn. Àwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n ń ṣarán. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ṣì fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ka ìyá mi sí.

Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wa nígbà náà kò lè dá ewúrẹ́ dúró. Bàbá wa ló rà á. Tí ẹ bá ki ọmọ rẹ̀ bọ inú rẹ̀, á máa yí gbirigbiri láì di nǹkan kan mú. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìdí ti ilẹ̀kùn sókè kí ahọ́n rẹ̀ tó wọnú ihò, tó bá sì wọ̀ ọ́ náà, àtẹ́lẹwọ́ lásán ló máa ṣí i. Káfíńtà àdúgbò wa ti sọ fún mi tipẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ tí a bá ń bẹ̀ kó tó tì, ọ̀ṣọ́ ara ilẹ̀kùn ló kù tó jẹ́.”

Mo mọ̀ pé ó ti tó pààrọ̀. Mi ò kàn pààrọ̀ rẹ̀ ni, nítorí pé ní agboolé wa, ilẹ̀kùn ìyá àgbà kì í wà ní títì lójúmọmọ. Ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ lè yà wọlé, kó kúnlẹ̀, kó kí wọn. Tí wọ́n bá bá a ní títì, wọ́n á ní ọmọ tó ń tọ́jú wọn ní ohun tó ń fi pamọ́.

Mùfú ló ń bá mi gbé Màámi padà sílé nígbà yẹn. Ọmọ ìlú Ìbà ni, ọ̀kadà ló ń gùn ní oríta tó wà nítòsí wa. Tó bá ti rí wọn lọ́nà Inísà pẹ̀lú igbá lórí, á sọ̀ kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, á ní òun náà ń lọ sí Òkukù, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé wọn. Ilé ló máa gbé wọn wá. Á mú wọn wọlé, á gbé wọn jókòó, á ní, “Màmá, ọjà ti tú o.” Màámi á ní, “Ó tà lónìí, a dúpẹ́.” Tí mo bá fẹ́ fún un ní nǹkan, á ní èèyàn kì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹni.

Lọ́jọ́ kan, Mùfú kò sí ní oríta. Tírélà ló kù díẹ̀ kó gbá Màámi. Nígbà tí mo máa fi sáré débẹ̀, dírẹ́bà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Igbá Màámi ti di wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà. Màámi fúnra wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń bi mí ta ló máa san owó igbá.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo pe káfíńtà. Ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i, irú èyí tí ẹni tó wà nínú ilé kò lè ṣí láìní ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mò ń rà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ló máa wá bọ́ wa? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, àbúrò mi wà ní Èkó, orí fóònù ni àwọn méjèèjì ti ń tọ́jú ìyá. Mò ń gbé oúnjẹ sílẹ̀, mò ń gbé omi sílẹ̀, mò ń ṣí fèrèsé. Ẹ má sọ fún mi pé iná lè jó wọn mọ́lé, mo ti rò ó ju yín lọ, lójoojúmọ́, nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò fọ aṣọ ìyá mi rí, kó má kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn.

Ṣùgbọ́n mo nílò àwáwí. Nígbà tí àwọn ará agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ilẹ̀kùn Màámi fi wà ní títì, mo ní olè ni. Mo ní ẹnì kan fẹ́ já ilẹ̀kùn nígbà tí mo wà ní Inísà. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ jáde, mo fi bó ṣe ti bàjẹ́ hàn wọ́n. Gbogbo wọn gbà. Wọ́n tiẹ̀ ní mo ti pẹ́ jù kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ wá gbàdúrà fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn, ó ní mo ṣe ọmọ.

Ohun tí mi ò rò ni pé ní àdúgbò wa, tí ẹ bá ti dárúkọ olè, àwọn èèyàn á fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó àbúrò bàbá mi, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Àbí ọlọ́kadà yẹn ni? Òun nìkan ló ń wọlé tó ń jáde tí kì í ṣe ará ilé. Ó sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn kì í tì.” Gbogbo wọn wo ojú mi.

Mi ò sọ pé òun ni. Mi ò sì sọ pé òun kọ́. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run.” Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wí létí ẹni tó ti ní èèyàn lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e kúrò ní oríta, wọ́n ní kò ní ba orúkọ àwọn jẹ́. Ó wá sílé wa láti béèrè ohun tó ṣe. Ìyá Bọ́sẹ̀ da omi ìfọṣọ lé e lórí. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mo rí i bó ṣe ń nu ojú. Tí mo bá jáde lọ sọ òótọ́, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe olè ni mò ń ti ilẹ̀kùn fún, Màámi ni mò ń tì mọ́lé. Mi ò jáde. Orúkọ Mùfú ni mo fi bo tèmi. Ó kó lọ sí Òkukù, ibẹ̀ ló ti ń gbé èrò báyìí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi kò tiẹ̀ tó ọdún méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pẹ́ jí, mo sáré jáde, mo fa ilẹ̀kùn dé, mi ò yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án, mo rí ọ̀kadà kan ní òdìkejì ọ̀nà. Màámi wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì kan ló ti gbé wọn dé Òkukù, Mùfú ló dá wọn mọ̀ nínú ọjà, tó sì gbé wọn padà.

Ó rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá mú wọn. Èmi ò ní sọdá.” Mo di ọwọ́ Màámi mú. Mo ní o ṣeun.

Ó ní, “Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin ò pè mí lólè. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ìgbà tí mo kírun tí mi ò bẹ Ọlọ́run kó tú àṣírí ẹni tó fẹ́ já ilẹ̀kùn yín.”

Mo ní, “Àmín.”

Mo ṣe àmín, ẹ̀yin èèyàn. Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ kí n tó mọ̀. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Màámi ń bi mí ìdí tí ọmọ àwọn kò fi wọlé wá mu omi.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ilẹ̀kùn Màámi ṣì máa wà ní títì tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Mi ò tọrọ àforíjì lórí ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ kó wà ní ṣíṣí, kó kúrò ní Ìbàdàn, kó wá jókòó tì wọ́n. Ẹ má wulẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn lórí kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ Mùfú ni kí ẹ bá mi dá sí. Ìpàdé ẹbí wa ń bọ̀ ní Sátidé. Mo máa sọ ọ́ níbẹ̀, lójú ẹ̀gbọ́n mi, lójú Ìyá Bọ́sẹ̀, kí wọ́n pè mí ní orúkọ tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn náà, mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù. Mo ti ní kí káfíńtà bá mi ṣe ọmọ kọ́kọ́rọ́ kejì, kò sì sí ẹlòmíì tí mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àfi Mùfú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí wọ́n ti pè lólè rí láìjalè, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tí ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pè yín bẹ́ẹ̀ bá na ọmọ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí yín, ṣé ẹ máa gbà á?