Afárá Tí Ìwé Ìròyìn Wa Ṣí

Afárá tí mo kọ pé mo fojú ara mi rí, kò sí níbẹ̀. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀. Igi ọ̀pẹ méjì tí wọ́n gé lulẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gùn kọjá odò náà títí dòní.

Oníròyìn ni mí, n kò tíì lè dárúkọ ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí àwọn ará abúlé náà wá ká mi mọ́ ibi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Kọmíṣọ́nnà kan ló wá láti Ìbàdàn láti ṣí afárá lẹ́yìn Igbótako. Òjò ti rọ̀. Dírẹ́bà wo ẹrẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò ní débẹ̀ o." Ẹ wo ìjọba tó fẹ́ ṣí afárá, tí kò lọ́nà tí yóò gbà dé ìdí rẹ̀! Ni wọ́n bá so ríbọ́ọ̀nù mọ́ àga méjì nínú ilé àlejò ìjọba ní Òkìtìpupa. Ọ̀gá gé e. Àwọn akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa jẹ ìrẹsì.

Nígbà náà, wọ́n á ti tẹ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fẹ́ sọ fún wa ṣáájú ọjọ́. Àwa á kàn dà á kọ ni. Èmi tún fi tèmi kún un. Mo kọ pé mo dúró lórí afárá. Mo kọ pé ìyá àgbà kan ń jó, ó ń sọ pé: "Ìjọba yìí mà ṣé o!" Kò sí ìyá kankan. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ará abúlé bá kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún afárá, ìròyìn mi ni ìjọba ń gé ránṣẹ́ sí wọn. Bàbá katikíìsì ìjọ wọn ló jù ú sórí tábìlì mi: "Ọmọ wa, ìyá tó ń jó yìí dà? Kó wá jó lórí igi ọ̀pẹ ká wò ó!"

Ìyá Bọ́sẹ̀dé, elépo tó tẹ̀lé e wá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ọkọ mi gbé garawa epo jábọ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò nà mọ́. Èmi náà ló tún lóyún yìí. Bí mo bá ń rọbí, ibo ni kí n gbà?"



Mo lọ jẹ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ọ̀nà. Akọ̀wé àgbà ní: "Nínú ètò tiwa, afárá yẹn ti parí. A kì í kọ́ ohun tó ti wà." Irọ́ ni, ó sì mọ̀. A jọ jẹ ìrẹsì ọ̀hún ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dárí jì mí. Olóòtú mi kọ̀ láti tẹ àtúnṣe. Ṣé kí n gbé orúkọ mi síta níbòmíràn, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, kí oyún obìnrin yìí tó pé?

Ní ti ìjọba, wọ́n ní bí òjò bá dá, àwọn yóò rán ẹnjiníà wá yẹ afárá náà wò, bóyá ó ti tó kùn lọ́dà.