Ìdákẹ́jẹ́ Tó Fẹ́ẹ́ Pa Màmá Àgbà

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ tún gbé e ga sí i! Okun o, ẹ̀yin ará. Èmi ni Ìyá Tọ́lá tó ń ta iyán nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ yẹn, lójú ọ̀nà Aiyetoro. Mo wá dúpẹ́ nítorí Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó kù díẹ̀ kí wọ́n bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Inú pálọ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí, bí a ti ń sin àwọn àgbà wa. Nígbà tí mo sọ pálọ̀ di ilé oúnjẹ, mo to tábìlì yí sàréè náà ká. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Fẹ́mi onígìtá máa ń wá kọ orin àtijọ́ fún àwọn oníbàárà. Màmá Àgbà ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Wọn ò ríran mọ́, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbé wọn mọ́.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti Odò-Ẹrẹ̀ dé, wọ́n bá wa lẹ́nu orin. Àlájì ni wọ́n, wọn kì í ṣàwàdà. Wọ́n ní, "Ṣé orí bàbá mi lẹ wá ń jó lé? Oúnjẹ, mo gbà. Orin, ó parí lónìí." Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá bàbá rẹ̀ jà? A dá orin dúró.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Màmá Àgbà kọ oúnjẹ. Ẹ̀kọ gbígbóná, wọn ò mu. Wọ́n kọjú sí ògiri. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò títí, ó ní, "Mi ò rí àìsàn lára Màmá. Kí ló yí padà nílé yín?"

A ní kò sí nǹkan kan. Ẹ gbọ́ mi o, irọ́ la pa, a ò mọ̀!

A gbé wọn padà sílé. A pa rédíò, a lé àwọn ọmọdé jìnnà, à ń yọ́ rìn. Ṣebí bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tó dùbúlẹ̀ nìyẹn. Bàbá Kékeré jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà, omi ń bọ́ lójú wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ," ni wọ́n ń wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mò ń fọ ìkòkò lẹ́yìn fèrèsé yàrá náà. N kò mọ̀ pé mo ti ń fi imú kọ ọ̀kan nínú orin Fẹ́mi. Ni ohùn tín-ín-rín kan bá dún nínú yàrá: "O fo ibì kan níbẹ̀."

Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré wọlé.

Màmá Àgbà ní, "Orin tí bàbá mi ń kọ fún mi lójú ọ̀nà oko ni. Ọjọ́ tí ilé dákẹ́, mo ní Bàbá mà tún ti kú."

Bàbá Kékeré sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tí bàbá wọn kú. Sàréè nìkan ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́."

Màmá Àgbà ní, "Ebi ń pa mí. Ẹ fún mi lẹ́kọ ná."

Ẹ ṣeun, Jésù! Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ wò wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́yìn yẹn, wọ́n ti sanra.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, tí dókítà ò rí nǹkan kan, ẹ má bọ́hùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ọlọ́run tó gbọ́ mi nídìí ìkòkò yóò gbọ́ yín.

Bàbá Kékeré ló ń gbé Màmá Àgbà wá sí pálọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì báyìí. Wọ́n á jókòó ti sàréè, Màmá á lé orin, àbúrò wọn á gbè é. Ohùn Bàbá Kékeré ò dùn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀ ti ń gbọ́ ohùn bàbá náà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́.