Ẹnu Ìyá Inú Àwòrán

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ fara balẹ̀, mi ò ní pẹ́. Ẹ̀yin tí mo kọ́ níwèé ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ lónìí.

Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi tí a wá dágbére fún yìí ni kó máa tún àwòrán tó ti gbó ṣe. Kì í lo oògùn ńlá kankan. Òwú ni, itọ́ ẹnu rẹ̀ ni. Á tutọ́ sí òwú, á yí i díẹ̀díẹ̀ lójú àwòrán, á sọ ọ́ nù, á mú òmíràn.

Ẹ rántí àwòrán ìyá tó kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé wa, èyí tó wà lára ògiri yàrá àwọn olùkọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń kó àwọn ọmọ lọ síwájú rẹ̀. Mo ní, ẹ wo òkùnkùn yìí, ayàwòrán mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ lè rí ọkàn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì fi yege ìdánwò. Ẹ má bínú.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ mi tún un ṣe. Ó nu etí apá aṣọ ìyá náà, àwọ̀ ewé yọ. Ó gbé òwú dúdú náà sábẹ́ imú mi.

"Tíṣà, èéfín àtùpà nìyí. Ìbànújẹ́ tí o fi ń kọ́ àwọn ọmọ rèé lára òwú."

Mo fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó nu gbogbo rẹ̀ tán, kó ṣáà fi ẹnu sílẹ̀ títí màá fi fẹ̀yìn tì, torí ẹnu ló ń tú àṣírí inú. Ọkùnrin yìí kan náà, alágídí tó lé lọ́yà jáde ní ṣọ́ọ̀bù torí ó ní kó yọ ìhunjọ kúrò níwájú orí bàbá òun nínú àwòrán, ó gbà fún mi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá náà fi wà lára ògiri, ojú mọ́, ẹnu dúdú. Bí wọ́n bá bi ọ̀rẹ́ mi léèrè, á ní òwú ló tán. Mo fẹ̀yìn tì, mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Òwú ṣì tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wá bá mi.

"Bàbá, ṣé kí n parí ẹ̀? Dádì ní ẹ̀yin lẹ máa sọ."

Àárọ̀ yìí la jọ lọ sí ilé-ìwé. Mo gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo tutọ́ sí i. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n yí i ni, kí n má ha á.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìyá yẹn ò ṣọ̀fọ̀. Ó pa ẹnu dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayàwòrán fi búrọ́ọ̀ṣì fa igun ètè rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan péré, fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra, bíi pé ó ti ń gbọ́ gbogbo àlàyé mi láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ pa ohun tí mo kọ́ yín yẹn rẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi, máa lọ ní àlàáfíà. Kí ọ̀nà rẹ mọ́ bí ojú ìyá náà ṣe mọ́. Bí o bá pàdé rẹ̀, bá mi kí i, sọ fún un pé Tíṣà ti rí òwú. Kó rẹ́rìn-ín rẹ̀ bó ṣe wù ú.